Ẹ Má Họ Ọ́, Ẹ Rẹ Ẹ́

Ìyá kan pè wá sórí ètò wa láti Ìfọ̀: kẹ́tùlù oníná wọn ń pariwo bíi jẹnẹrétọ̀, síbẹ̀ omi ò tètè hó. Wọ́n yẹ inú rẹ̀ wò, wọ́n rí funfun tó le gbagidi. Kí ni wọ́n ṣe? Ọ̀bẹ ni wọ́n fà yọ! Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má họ ọ́, ẹ rẹ ẹ́.

Bàbá kan láti Pápáláńtò ní ọ̀tá ló ń bu nǹkan sí omi àwọn. Bàbá, ẹ fi aládùúgbò yín sílẹ̀! Abẹ́ ilẹ̀ ni funfun náà ti wá. Òkúta ẹfun ló wà lágbègbè yín, òun náà ni wọ́n ń fi ṣe sìmẹ́ǹtì ní Ewékorò láti ọdún 1960. Omi kànga tó bá gba àárín rẹ̀ kọjá á bù díẹ̀ dání. Bí omi bá gbóná, á já ẹrù náà sídìí kẹ́tùlù. Kò pani lára, àkókò àti owó iná yín ló ń jẹ.

Ẹlòmíràn ní kànrìnkàn onírin lòun fi ń gbo tòun. Háà! Ṣé ìkòkò àsè ni? Aládìrẹ Ìtòkú kì í fipá lé aró wọ aṣọ, rírẹ ló ń rẹ ẹ́. Ẹ̀yin náà, ẹ má họ ọ́.

Ẹ fún òroǹbó wẹ́wẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin sínú omi tó bo funfun náà. Ẹ jẹ́ kó hó, ẹ yọ wáyà, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30. Ẹ dà á nù, ẹ wá se omi lásán lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ dà á nù pẹ̀lú, àfi bẹ́ ẹ bá fẹ́ tíì kíkan.

Ẹni tó fẹ́ bu Jíìkì mọ́ ọn, ó tì o! Jíìkì àti omi kíkan, èéfín olóró ni wọ́n ń bí.

Ẹ̀yin tọ́mọ yín fi ẹ̀rọ kọfí ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù, ẹ fi asẹ́ sẹ́ omi òroǹbó kí hóró má dí i. Ẹ dà á sínú ẹ̀rọ náà, ẹ tàn án; tó bá gba inú rẹ̀ dé ìdajì, ẹ pa á, kó rẹ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, omi lásán lẹ́ẹ̀mejì.

Wọ́n ní àsìkò ti tó. Ẹ má jẹ́ kómi sùn sínú kẹ́tùlù mọ́jú. Ẹni tó bá sì tún fa ọ̀bẹ yọ, kó má pè mí o!