Àánú Rẹ̀ Ṣe Mí, Ṣùgbọ́n Ṣé Mo Ṣàánú Rẹ̀?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa ní Ìmọ̀tà)

 

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àánú nínú ìgbàgbọ́ ìjọ Àgùdà. Mo bi akọ̀wé wa pé kí ló dé tó fi jẹ́ èmi, oníwèé ìròyìn tó jáde ní pólì, tí kì í ṣe fáda. Ó ní fáda máa ń pẹ́ jù lórí ọ̀rọ̀ ni. Mo sì mọ̀ pé Mùsùlùmí pọ̀ nínú wa, ọmọ Sẹ́lẹ́ wà, Áńgílíkà wà. Kò sí wàhálà. Ẹni tó ń pe Ọlọ́run ní Àjọkẹ́ Ayé, Àṣàkẹ́ Ọ̀run ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ kí n tó la ẹnu.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí èdè wa fúnra rẹ̀ ń wí. Ọ̀nà méjì ni Yorùbá ń gbà sọ ọ̀rọ̀ àánú. A máa ń ní “àánú rẹ̀ ṣe mí.” Níbẹ̀, àánú ló ń ṣiṣẹ́, èmi kàn jókòó ni, bí ìgbà tí òtútù bá ń mú mi. A tún máa ń ní “mo ṣàánú rẹ̀.” Níbẹ̀, èmi ni mo dìde. Gbogbo ohun tí ìjọ Àgùdà ń kọ́ni nípa àánú, ìkejì yìí ló ń wá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ katikísìmù á rántí pé iṣẹ́ àánú ti ara jẹ́ méje: kéèyàn fún ẹni tí ebi ń pa lóúnjẹ, kó fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ lómi, kó fi aṣọ bo ẹni tó wà níhòòhò, kó gba àlejò sílé, kó bẹ aláìsàn wò, kó bẹ ẹlẹ́wọ̀n wò, kó sin òkú. Mẹ́fà wá láti inú Mátíù orí 25. Ti ìsìnkú ni wọ́n mú wá láti inú ìwé Tóbítì.

A ò ṣe burúkú nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ti ìsìnkú, a ti ṣe é kọjá ohun tí Tóbítì ní lọ́kàn, torí n kò rò pé Tóbítì ra aṣọ ẹbí. Ti aláìsàn náà, ìjọ Àgùdà ní ohun tó lè fi yangàn: láti 1895 ni Fáda Jean-Marie Coquard, ará Faransé, ti dá ilé ìwòsàn Sacred Heart sílẹ̀ ní Láńtòrò, Abẹ́òkúta, ó sì wà níbẹ̀ títí dòní. Ẹni tó bá ń ṣàìsàn lónìí, kódà nínú ẹgbẹ́ wa, a máa rí ẹni tó máa gbé ọsàn lọ kí i.

Ti ẹlẹ́wọ̀n ńkọ́? Mo ka ìwé òfin ẹgbẹ́ wa lẹ́ẹ̀mejì kí n tó wá. Owó ìgbéyàwó wà níbẹ̀. Owó ìkómọ wà níbẹ̀. Òkú òbí, òkú àna, àìsàn, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti ẹnì kan nínú wa mọ́lé ńkọ́? Kò sí ìlà kan ṣoṣo.

Ẹ rántí ọdún 2016 àti 2017. Mi ò fẹ́ dá ẹ̀rù yẹn padà, ṣùgbọ́n kò sí bí mo ṣe lè sọ̀rọ̀ àánú ní agbègbè Ìkòròdú kí n fò ó kọjá. Àwọn apànìyàn tí wọ́n ń pè ní Badoo ń wọlé tọni lóru, wọ́n ń fi òkúta fọ́ orí àwọn tó ń sùn, àti ìyá àti ọmọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn fi ilé tí wọ́n fi òógùn wọn kọ́ sílẹ̀. Géńdé àdúgbò ń ṣọ́ òru, ìyàwó ilé ń sùn pẹ̀lú ìdajì ojú. Ẹ̀rù gidi ni, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ ká wò. Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹni tí wọn ò mọ̀. Ẹni tí kò bá lè sọ ibi tó ń lọ dáadáa, ó wọ gàù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje 2017, wọ́n mú apanilẹ́rìn-ín kan àti àwọn tó bá a rìn, wọ́n ní Badoo ni wọ́n. Òde eré ló ti ń bọ̀. Wọ́n lù wọ́n, wọ́n sì dáná sun wọ́n. Àwọn bàbá wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Lọ́jọ́ yẹn, wọn ò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kankan.

Kì í ṣe pé àwọn tó gbé táyà yẹn kò mọ àánú o. Àánú àwọn ọmọ tí Badoo pa ti ṣe wọ́n, àní ó ṣe wọ́n gan-an. Ohun tó sì ń dẹ́rù bà mí nìyẹn. Àánú tó kàn ń ṣe ni, tí a kò gbé dìde ká fi ṣe nǹkan, bó bá pàdé ìbínú lójú ọ̀nà, ó lè gbé bẹ́ntiróòlù.

Ẹ wo ìtàn obìnrin tí wọ́n mú nínú panṣágà nínú Jòhánù orí 8. Jésù kò ní obìnrin náà kò ṣe nǹkan kan. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ìka kọ̀wé sílẹ̀. Ó fa àkókò gùn! Èrò kò fẹ́ràn ìdádúró, torí bí ara bá ti ń rọ̀, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í là. Mo máa ń rò pé bí ẹnì kan bá lè fa wákàtí kan péré gùn ní Ìkòròdú lọ́jọ́ yẹn, apanilẹ́rìn-ín yẹn ì bá délé. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, Jòhánù tún sọ pé àwọn àgbà ló kọ́kọ́ kúrò níbẹ̀. Àwọn ọmọdé ń wo ọwọ́ yín.

Láàárín ìgbà Badoo yẹn ni wọ́n kó ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ wa mọ́ àwọn mìíràn. Ó fún mi láyè láti sọ ọ́, kìkì pé kí n má dárúkọ òun. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò ní sẹ́ẹ̀lì. Lórí WhatsApp wa, níbi tí a ti ń kí ara wa kú oríire láràárọ̀, gbogbo rẹ̀ dákẹ́ lọ́ọ́. Ẹnì kan tilẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí èéfín láìsí iná. Ìyá kan tó ń ta fùfú lọ́jà, tó tún ń kọ́ àwọn ọmọ ní katikísìmù lọ́jọ́ Sunday, ló gbé oúnjẹ lọ fún un lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n bi í bóyá ó dá a lójú pé ọmọ náà kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Ó ní, “Èmi ò mọ̀ bóyá ó ṣe é tàbí kò ṣe é. Ebi ni mo mọ̀.” Wọ́n tú u sílẹ̀ láìgbé e dé kóòtù.

Àwọn kan á ní bẹ́ẹ̀ ni ẹ ṣe ń gbè sẹ́yìn ọ̀daràn. Rárá o. Ní 27 oṣù Kejìlá 1983, Póòpù John Paul Kejì wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Rebibbia ní Róòmù, ó jókòó ti Mehmet Ali Ağca tó yìnbọn fún un ní 1981. Ó ti dárí jì í. Síbẹ̀, ọkùnrin náà kò kúrò lẹ́wọ̀n Ítálì títí di ọdún 2000. Àánú kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ adájọ́. Nígbà tí póòpù yìí kan náà wá sí Nàìjíríà ní oṣù Kẹta 1998, ó bẹ Abacha nítorí àwọn tó wà látìmọ́lé. Póòpù Francis ńkọ́? Ọjọ́bọ̀ Mímọ́ ọdún 2025, ọjọ́ mẹ́rin kó tó kú, ọgbà ẹ̀wọ̀n Regina Coeli ló lọ. Ara kò gbé e mọ́ láti wẹ ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni bó ṣe máa ń ṣe. Ó kàn lọ kí wọn ni.

Nílé níbí, ọgbà ẹ̀wọ̀n Ìkòyí tí wọ́n kọ́ ní 1955 fún 800 èèyàn máa ń gbà ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni kóòtù kò tíì dá lẹ́jọ́. Abala 35 nínú òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 ní kí wọ́n gbé ẹni tí wọ́n mú dé kóòtù láàárín ọjọ́ kan, bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40. Ọ̀pọ̀ ló ti gba bélì lórí ìwé, tí wọ́n sì wà níbẹ̀ torí pé wọn ò rí onídùúró. Onídùúró! Ẹ wo inú yàrá yìí: òṣìṣẹ́ ìjọba wà, onílé wà, olùkọ́ àgbà wà.

Àbá mi kò pọ̀. Kí ẹgbẹ́ fi ìlà kan kún ìwé òfin: bí wọ́n bá mú ọmọ ẹgbẹ́ kan, ẹni méjì á lọ wò ó kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, pẹ̀lú oúnjẹ, láì kọ́kọ́ béèrè bóyá ó jẹ̀bi. Kí àwọn lọ́yà àárín wa fún akọ̀wé ní nọ́ńbà wọn. Ẹni tí kò bá ní owó lọ́yà, ọ́fíìsì Public Defender ti Ìpínlẹ̀ Èkó ń gbẹjọ́ rò lọ́fẹ̀ẹ́; kí a mọ ọ̀nà ibẹ̀ kí ọjọ́ tó pé.

Mo ti fún akápò ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà láti fi bẹ̀rẹ̀. Àwa kan ní ìjọ wa máa lọ sí Kírìkírì lóṣù tó ń bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ, kó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kí ìrẹsì tó dé, torí mo mọ̀ wá. Kí olúkúlùkù mú ọṣẹ dání. Ọṣẹ ni wọ́n máa ń béèrè jù.