Ọ̀pọ̀ Ọpọlọ nínú Kọ̀ǹpútà Ilé àti Iṣẹ́ Fífún Fídíò Pọ̀



Ọ̀rọ̀ mi lónìí kan ẹnikẹ́ni tí ó bá ń fi kọ̀ǹpútà inú ilé rẹ̀ fún fídíò pọ̀ kí ó má baà gba àyè púpọ̀. Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn nìyí: bí a bá náwó ra kọ̀ǹpútà tí ó ní ọpọlọ 16 dípò èyí tí ó ní 4, ǹjẹ́ iṣẹ́ náà yóò yá ní ìlọ́po 4? Èrò tèmi ni pé kì í sábà rí bẹ́ẹ̀, àti pé inú fídíò fúnra rẹ̀ ni púpọ̀ nínú ìdí rẹ̀ wà.

1. Bí ọpọlọ ṣe di púpọ̀

Ṣáájú 2005, ọpọlọ kan ṣoṣo ni ó wọ́pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà ilé. Ní ọdún náà ni Intel gbé Pentium D jáde, tí AMD sì gbé Athlon 64 X2 jáde. Ọpọlọ 2 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní. Ní 2017, Ryzen ti AMD mú ọpọlọ 8 wọlé. Ní 2019, Ryzen 9 3950X ní 16. Ooru ni ó fa èyí: kò ṣeé ṣe mọ́ láti máa mú ọpọlọ kan ṣoṣo yára sí i bíi ti àtẹ̀yìnwá.

2. Ohun tí ó ń dá ọwọ́ dúró

Ẹ̀rọ tí ń fún fídíò pọ̀ kì í kọ gbogbo àwòrán sílẹ̀ lódindi. Ó ń fi àwòrán kan wé èyí tí ó ti ṣe ṣáájú, ó sì ń kọ kìkì ohun tí ó yí padà. Nítorí náà, àwòrán kan ní láti dúró de èkejì. Bí a bá bẹ ọ̀wẹ̀ ènìyàn 16 sí oko, ẹni tí yóò gbin iṣu kò lè ṣáájú ẹni tí ń kọ ebè.

Oríṣiríṣi ọ̀nà ni a ti gbà láti pín iṣẹ́ yìí. Nínú ìlànà H.264, tí a parí ní 2003, a lè gé àwòrán kan sí ègé, kí ọpọlọ kọ̀ọ̀kan mú ègé tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ègé kan kò lè wo èkejì nínú àwòrán kan náà. Ohun tí ó jọra nínú wọn di kíkọ lẹ́ẹ̀mejì, fídíò sì tóbi sí i. Ètò x264 gba ọ̀nà mìíràn: bí apá òkè àwòrán kan bá ti parí, àwòrán tí ó tẹ̀ lé e lè bẹ̀rẹ̀.

Ìlànà HEVC ti 2013 lè pín àwòrán sí onígun-mẹ́rin tí ó tóbi tó 64 níbùú lóròó. Ìlà kọ̀ọ̀kan lè ní ọpọlọ tirẹ̀, bí ó bá ti jẹ́ kí ìlà òkè fi onígun-mẹ́rin 2 ṣáájú. Àwòrán tí gíga rẹ̀ jẹ́ 1080 ní ìlà 17. Èyí tí ó jẹ́ 480 ní 8 péré. Nínú àwòrán kékeré yìí, bí a bá gba ọ̀nà yìí nìkan, ó kéré tán ọpọlọ 8 nínú 16 yóò káwọ́ gbera.

3. Ìṣirò Amdahl

Ní 1967, Gene Amdahl ṣàlàyé pé apá iṣẹ́ tí kò ṣeé pín ni yóò pààlà fún ìyára gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ìdá kan nínú mẹ́wàá iṣẹ́ kò ṣeé pín. Ọpọlọ 4 yóò mú un yá ní ìlọ́po 3.1, ọpọlọ 16 yóò mú un yá ní ìlọ́po 6.4. Bí ọpọlọ tilẹ̀ pọ̀ bí yanrìn, kò lè kọjá ìlọ́po 10. Ẹni tí ó sọ ọpọlọ rẹ̀ di ìlọ́po 4 rí èrè ìlọ́po 2 àti díẹ̀.

4. Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe

Ẹni tí ó ní fídíò púpọ̀ lè ṣe méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé fídíò kan kì í dúró de òmíràn. Ẹni tí ó ní ẹyọ kan tí ó gùn lè gé e sí apá bíi mélòó kan, kí apá kọ̀ọ̀kan fi odindi àwòrán bẹ̀rẹ̀, kí ó sì so wọ́n pọ̀ níkẹyìn. Àyè ìrántí kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ tó fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ṣe fídíò kékeré kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò nílò ọpọlọ 16.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí a tó ra ọwọ́ kún ọwọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo iye ibi tí iṣẹ́ náà ṣeé pín sí.