Ọ̀RỌ̀ ÌYÀNJÚ LÓRÍ ÌGBẸ̀BÍ ỌMỌ TÍ KÒ PÉ OṢÙ

  

Àwọn baba wa mọ̀ pé ọ̀nà tí ọmọ ń gbà wáyé kì í ṣe ọ̀kan. Èyí tí ó mú ẹsẹ̀ wáyé, Ìgè ni. Èyí tí ó pẹ́ nínú, Ọmọ́pẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ tiwa lónìí dá lórí èyí tí kò dúró de àsìkò, tí a bí kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 37.

Bí ìrọbí bá pẹ́, tí agbára ìyá sì ń tán, ohun èlò méjì ni àwọn dókítà fi ń ran ọmọ lọ́wọ́. Èkínní ni ife tí ń fà mọ́ àtàrí ọmọ, bí ìwo onígbàjámọ̀ ti ń fà mọ́ ara. Èkejì ni irin tí ó dà bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ, tí a tẹ̀ kí ó lè gba orí ọmọ. Lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò, méjèèjì ti gba ẹ̀mí púpọ̀ là.

Ṣùgbọ́n egungun orí ọmọ tí kò pé oṣù rọ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ rẹ̀ kò sì tíì yi. Bí ife bá fà á, ẹ̀jẹ̀ lè dà sí abẹ́ awọ orí tàbí sínú ọpọlọ. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà Amẹ́ríkà fi ní kí a má lo ife bí oyún kò bá pé ọ̀sẹ̀ 34. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò fẹ́ ẹ kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ 32, ìṣọ́ra ńlá ni wọ́n sì fi ń lò ó láti ibẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ 36.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ abẹ ni ó sàn nígbà gbogbo. Àjọ Ìlera Àgbáyé kò ní kí a máa la ikùn gbogbo aboyún tí ó rọbí ṣáájú àkókò. Ṣùgbọ́n bí dókítà bá ti ṣàlàyé ìdí tí abẹ fi di dandan, kí ọkọ àti aya má ṣe dúró de ẹbí láti ilé kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ mọ iye ọ̀sẹ̀ oyún yín, kí ẹ sì sọ ọ́ fún agbẹ̀bí kí ó tó fọwọ́ kan ohun èlò kankan. Bí omi bá dà tàbí tí inú ń mú yín ṣáájú àkókò, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Abẹ́rẹ́ kan wà tí ń mú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ gbó, ṣùgbọ́n ó fẹ́ tó ọjọ́ kan kí ó tó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ sì rántí pé UNTH kò sí láàárín ìlú mọ́ láti 2007; Ituku-Ozalla ni ó wà. Parklane ṣì wà nítòsí.

Púpọ̀ nínú wa kò ní ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n nítòsí níhìn-ín. Ẹgbẹ́ yìí ni ẹbí wa. Nínú owó tí a ó dá lónìí, ẹ jẹ́ kí a ya apá kan sọ́tọ̀ fún ọkọ̀ àti owó ilé ìwòsàn aboyún tí ìrọbí bá ká mọ́ lóru. Ẹ̀mí ọmọ kan tó bẹ́ẹ̀.

 Ọlọ́run yóò máa fi ohùn ìyá àti ohùn ọmọ dá wa lóhùn.