Owó Fóònù Tí Wọ́n Ń Yọ Lọ́wọ́ Wa

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, nígbà tí GSM dé ní 2001, náírà 50 là ń san fún ìṣẹ́jú kan. Ó wọ́n o, ṣùgbọ́n a mọ ohun tí a rà. Nísinsìnyí, a ó ra káàdì láti béèrè iye tí ẹja ń lọ ní Igbókòdà, kí á má baà jó epo ọkọ̀ dànù láti Ayétòrò. Ká tó tẹ nọ́ńbà, wọ́n ti yọ owó orin tí a kò bẹ̀ wọ́n. Ẹ tẹ STOP ránṣẹ́ sí 2442. Bí wọn ò bá jáwọ́, ẹ fi ẹjọ́ sun iléeṣẹ́ wọn, kí ẹ gba nọ́ńbà ẹjọ́ náà. Lẹ́yìn náà, ẹ pe àjọ NCC lórí 622. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tẹ̀, kó gbé fóònù wá bá akọ̀wé lọ́jọ́ ìpàdé.