A Kì í Rọ Aláìsàn Bí Ìkókó

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé àwọn arákùnrin àti arábìnrin láti Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun)

   

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe èyí tí a máa ń sọ ní gbangba. Bí jẹjẹrẹ bá ti tàn káàkiri ara ènìyàn wa, tí kò sì lè jẹun mọ́, kí ni ó yẹ kí a ṣe? Ní Ìlobùú àti ní Ìfọ́n, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí àlejò ń bi ẹni tí ó ń tọ́jú aláìsàn ni pé, "Ṣé ó jẹun?" Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ọkàn gbogbo ilé á balẹ̀. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ojú gbogbo wọn á fà ro, wọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí wọn yóò di ẹ̀bi rù.

Ẹ jẹ́ kí n fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ. Jẹjẹrẹ ọmú ni ó ṣe ìyá mi. Kí a tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ó ti dé inú ẹ̀dọ̀. Àwọn dókítà sọ fún wa pé ìtọ́jú tí yóò mú un kúrò kò sí mọ́, ṣùgbọ́n èyí tí yóò mú ìrora rọlẹ̀ wà. A gbé e padà sí ilé. Láti ọjọ́ náà ni èmi, àkọ́bí rẹ̀, ti sọ oúnjẹ di ogun. Mo ra adìẹ ìbílẹ̀, mo ra mílíìkì alágolo, mo ní kí wọ́n ro àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú tí ó fẹ́ràn jù. Bí abọ́ bá ti wọlé ni ìyá mi á yí ojú sí ògiri. Mo bínú sí aya àbúrò mi tí ó ń tọ́jú rẹ̀; mo ní ọbẹ̀ rẹ̀ ni kò dùn. Àwọn ẹbí tí ó wá láti Ìfọ́n ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ó ń fi ebi pa ìyá.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo di orí rẹ̀ mú, mo fi ṣíbí da ẹ̀kọ sí i lẹ́nu. Ó gbé e mì lẹ́ẹ̀mejì, ó bì í. Nígbà tí ó mí kanlẹ̀ tán, ó ní, "Ọmọ mi, nígbà tí o wà ní ìkókó, mo rọ ọ́ lẹ́kọ kí o lè dàgbà. Èmi kì í ṣe ìkókó. Nítorí tìrẹ ni mo ṣe ń gbé e mì, ó sì ti rẹ̀ mí."

Láti ìgbà tí mo ti ń gbọ́ wáàsí, n kò tí ì gbọ́ èyí tí ó wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀.

Kí ni kì í jẹ́ kí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ lè jẹun? Bí jẹjẹrẹ bá ti gbilẹ̀, àwọn èròjà kan ń jáde láti ara rẹ̀ àti láti ara àwọn ọmọ-ogun ara tí ó ń bá a jà. Àwọn èròjà náà ń dé inú ọpọlọ, wọ́n ń pa ebi níbẹ̀. Wọ́n sì ń mú kí ara máa yọ́ iṣan àti ọ̀rá tirẹ̀. Cachexia ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Ìdí nìyí tí aláìsàn fi lè máa rù bí ó tilẹ̀ ń jẹun. Kì í ṣe agídí, kì í sì í ṣe ẹ̀bi alásè. Àìjẹun kọ́ ni ó gbé àìsàn wá. Àìsàn ni ó gbé àìjẹun wá.

Nínú àkójọ hádíìsì At-Tirmidhi àti ti Ibn Majah, Uqbah ọmọ Aamir gbà á wá pé Ànábì kọ̀ fún wa láti máa fi ipá mú aláìsàn jẹ tàbí mu, nítorí pé Ọlọ́hun ni Ó ń bọ́ ọ. Àwọn onímọ̀ kò fohùn ṣọ̀kan lórí bí ẹ̀gbàwá náà ti lágbára tó, ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ bá ìmọ̀ ìṣègùn mu. Ní 2020, ASCO, ẹgbẹ́ àwọn dókítà jẹjẹrẹ ní Amẹ́ríkà, gbé ìlànà jáde pé kí a má ṣe sọ ọ́ di àṣà láti máa fi rọ́bà gbé oúnjẹ wọ inú irú aláìsàn yìí, tàbí láti máa gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ bọ́ ọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe ta ilẹ̀ nítorí kí wọ́n lè máa fa omi sí i lára lójoojúmọ́, bí dókítà kò bá rí ìdí rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣi ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Kí a má fi ipá mú un kò túmọ̀ sí kí a pa á tì. Iṣẹ́ pọ̀ fún wa láti ṣe.

Èkíní, ẹ wá ohun tí ó ṣeé mú kúrò. Ẹ wo ẹnu rẹ̀: ṣé egbò wà níbẹ̀, ṣé nǹkan funfun bo ahọ́n? Ṣé ìrora ni, ṣé èébì ni, ṣé kò rí ìgbẹ́ yà ni? Oògùn wà fún gbogbo ìwọ̀nyí. Morphine, tí ó dára púpọ̀ fún ìrora líle, a máa dí ìgbẹ́. Nítorí náà ẹ bèèrè oògùn tí yóò mú inú rọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ má ṣe dá oògùn ìrora dúró. Oògùn kan tilẹ̀ wà tí ó lè ṣí ọ̀nà ọ̀fun fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà nìkan ni ó lè sọ ẹni tí ó yẹ fún.

Èkejì, ẹ fún un ní díẹ̀, ní àkókò tí òun fẹ́. Ṣíbí mẹ́ta nínú àwo kékeré sàn ju abọ́ ńlá tí yóò dẹ́rù bà á. Bí òórùn oúnjẹ gbígbóná bá ń rìn ín, ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ sì dáná jìnnà sí yàrá rẹ̀. Nínú hádíìsì Bukhari, Àìṣá a máa pàṣẹ ẹ̀kọ ọkà bálì tí a ń pè ní talbina fún aláìsàn, pé ó ń tu ọkàn lára. Ẹ̀kọ mímu tiwa tí a bu mílíìkì sí kò jìnnà sí i. Ọ̀lẹ̀ rírọ̀, ẹyin, ìbẹ́pẹ: èyí tí ó bá wù ú ni kí ẹ fún un. Àkókò èèwọ̀ oúnjẹ ti kọjá.

Ẹ̀kẹta, ẹ tọ́jú ẹnu rẹ̀. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tí iyọ̀ díẹ̀ wà nínú rẹ̀ ni kí ó fi yọ ẹnu. Kí búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ rọ́pò pákò. Ẹ fi òrí pa ètè rẹ̀. Ẹ gbé orí rẹ̀ sókè kí ó tó mu, kí omi má baà gba ọ̀nà èémí. Bí kò bá lè gbé nǹkan mì mọ́, ẹ má ṣe da ohunkóhun sí i lẹ́nu. Aṣọ mímọ́ tí a rẹ sínú omi ni kí ẹ fi máa tu ahọ́n rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, bí Ramadan bá dé, kí ó má ṣe fi àwẹ̀ dá ara rẹ̀ lóró. Al-Kùránì ti yọ̀ǹda fún aláìsàn nínú Súrà Al-Baqarah, àwọn onímọ̀ sì ti ṣàlàyé pé ẹni tí kò ní ìrètí ìwòsàn yóò máa bọ́ tálákà dípò ọjọ́ kọ̀ọ̀kan.

Irú ìtọ́jú yìí ní àwọn tí ó kọ́ ọ. Dókítà Cicely Saunders dá St Christopher's Hospice sílẹ̀ ní London ní 1967 nítorí àwọn tí ìwòsàn ti kọjá wọn. Ní tiwa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olaitan Soyannwo ti UCH Ìbàdàn wà lára àwọn tí ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà. Ilé ìwòsàn ńlá ti UNIOSUN ní Òṣogbo kò jìnnà sí wa. Ẹ má tijú láti béèrè ẹni tí yóò tọ́jú ìrora níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ bẹ aláìsàn wò, ẹ yí ìbéèrè yín padà. Ẹ bèèrè pé, "Ṣé ó sùn? Ṣé ara tù ú?" Ẹ gba iṣẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ń tọ́jú rẹ̀, kí òun náà lè sinmi. Aáwọ̀ ilẹ̀ ti dá ìbànújẹ́ púpọ̀ sílẹ̀ láàárín Ìlobùú àti Ìfọ́n, ṣùgbọ́n ẹbí wà ní ìhà méjèèjì. Ẹ̀tọ́ Mùsùlùmí lórí Mùsùlùmí ni àbẹ̀wò nígbà àìsàn. Kí ààlà má ṣe dí ọ̀nà náà.

Lẹ́yìn alẹ́ ọjọ́ yẹn, n kò fi oúnjẹ lọ ìyá mi mọ́. Mo ń fi òrí ra ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀, mo ń ka Al-Kùránì sí i létí, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ̀rọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, òun fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n fún òun ní àkàrà. Ó jẹ ìwọ̀n èékánná, ó ní ó dùn, ó rẹ́rìn-ín. Kò tún jẹ nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀ tí ó fi padà sọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Níwájú gbogbo ẹbí ni mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ aya àbúrò mi.

Kí Ọlọ́hun wo àwọn aláìsàn wa sàn. Ẹni tí àkókò rẹ̀ bá sì ti tó nínú wọn, kí Ó mú un lọ ní ìrọ̀rùn, lórí ìgbàgbọ́. Kí Ó fún àwọn tí ń tọ́jú wọn ní sùúrù àti ẹ̀san rere. Àmín.