Ogun Parí, Erin Kò Gbàgbé

(Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ níbi ìpàdé olóṣooṣù ẹgbẹ́ wa)

Ìbà Olódùmarè, tí ó dá ènìyàn, tí ó sì dá ẹranko. Ìbà Ọ̀rúnmìlà, ẹlẹ́rìí ìpín. Ìbà Ògún, tí ó la ọ̀nà fún ọdẹ. Ìbà ẹ̀yin ìyá wa. 

Ọ̀rọ̀ erin ni mo gbé wá lónìí. Àwọn àgbà ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Bí a bá rí erin, kí a sọ pé a rí erin. Nítorí náà, n kò ní fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò ni èyí: bí ayé bá bàjẹ́ tán láàrin ènìyàn àti ẹranko tí ó ní làákàyè, kí ni yóò mú kí wọ́n tún lè jọ gbé?

Àwọn òyìnbó ti fi irú ìbéèrè yìí ṣe ìtàn àròsọ. Ní ọdún 1963, Pierre Boulle, ará ilẹ̀ Faransé, kọ ìwé kan nípa ayé tí àwọn ìnàkí ti di ọ̀gá lórí ènìyàn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn èwe wa ló ti wo fíìmù tí wọ́n fi ìwé náà ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ìtàn àròsọ sílẹ̀. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ lójú ayé, ní ilẹ̀ Áfíríkà wa yìí, ní ibi tí a ń pè ní Gorongosa, ní àárín orílẹ̀-èdè Mòsáḿbíìkì.

Bí ayé ṣe bàjẹ́ ní Gorongosa

Pẹ̀tẹ́lẹ̀ ńlá ni Gorongosa, òkè kan tí ó ń jẹ́ orúkọ kan náà sì ni omi rẹ̀ ti ń ṣàn wá. Àwọn Potogí tí wọ́n ń ṣe ìjọba níbẹ̀ nígbà náà sọ ọ́ di ọgbà ẹranko ti ìjọba ní ọdún 1960. Ṣáájú ogun, erin tí ó wà níbẹ̀ tó nǹkan bí 2,500.

Mòsáḿbíìkì gba òmìnira ní ọdún 1975. Nígbà tí ó di ọdún 1977, ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ láàrin ìjọba FRELIMO àti àwọn ọlọ̀tẹ̀ RENAMO. Ọdún 15 ni wọ́n fi jà á. Àwọn ènìyàn tí ìbọn pa àti àwọn tí ebi pa ni a fojú bù sí mílíọ̀nù kan. Agbègbè Gorongosa sì wà lára ibi tí ogun náà ti gbóná jù, nítorí pé ibẹ̀ ni RENAMO fi ṣe ibùdó.

Ebi ń pa àwọn jagunjagun, wọ́n pa ẹranko jẹ. Wọ́n nílò owó ìbọn, wọ́n pa erin, wọ́n sì ta eyín rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà ní ìlú Róòmù ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1992, nínú erin mẹ́wàá tí ó wà tẹ́lẹ̀, ó lé ní mẹ́sàn-án tí ó ti kú. Kìnnìún fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹfọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àwọn apẹran kò sì dáwọ́ dúró nígbà tí àwọn ọmọ ogun kó ohun ìjà sílẹ̀.

Ohun tí ogun fi sí ara àti sí ọkàn erin

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ogun ṣe sí ara wọn ná. Ṣáájú ogun, bí a bá ka 100 abo erin ní Gorongosa, nǹkan bíi 18 tàbí 19 ni kì í hu eyín gígùn rárá. Lẹ́yìn ogun, iye náà di 51. Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2021 fi ìdí rẹ̀ hàn: erin tí ó ní eyín ni ìbọn ń wá kiri; èyí tí kò ní eyín ni ó yè, òun ni ó sì bímọ. Ara ìyá ni àìléyìn náà ti ń wá. Abo ọmọ tí ó bá jogún rẹ̀ yóò dàgbà láìní eyín. Akọ tí ó bá jogún rẹ̀ kì í wáyé, inú oyún ni ó ti ń kú. Ẹ gbọ́ ná, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ojúkòkòrò ènìyàn wọ inú oyún erin lọ.

Ti ọkàn wọn wá ńkọ́? Ẹranko tí ó ní ìlànà ìdílé ni erin. Ìyá àgbà ni ó ń ṣáájú agbo. Òun ni ó mọ ibi tí omi wà nígbà ọ̀dá, òun ni ó mọ ibi tí ewu wà. Oṣù 22 ni abo erin fi ń lóyún, ó sì lè lo 60 ọdún láyé. Ní Amboseli ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, àwọn onímọ̀ fi ẹ̀rọ gbé ohùn ènìyàn sáfẹ́fẹ́ fún àwọn erin láti wo ohun tí wọn yóò ṣe. Nígbà tí erin gbọ́ ohùn ọkùnrin Maasai, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ a máa fi ọ̀kọ̀ gún erin, wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n sì fà sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ohùn ọkùnrin Kamba, tàbí ohùn obìnrin àti ọmọdé, ìbẹ̀rù wọn kò tó bẹ́ẹ̀. Ọdún 2014 ni wọ́n gbé ìwádìí yìí jáde. Erin ń gbọ́ èdè tí à ń sọ, ó sì ń mọ ẹni tí ń sọ ọ́.

Joyce Poole, tí ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ìwà erin ní Amboseli, bá àwọn erin tí ogun ṣẹ́kù ní Gorongosa pàdé. Àwọn ìyá àgbà tí wọ́n rí ogun náà a máa lé ọkọ̀ bí wọ́n bá ti gbọ́ ìró rẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ogun, tí wọn kò gbọ́ ìró ìbọn rí, ń ṣe bí àwọn ìyá wọn ṣe ń ṣe. Òwe wa kan ní ẹni tí ó ṣu a máa gbàgbé, ẹni tí ó kó o kì í gbàgbé. Ènìyàn fi ọwọ́ sí ìwé ní Róòmù. Ta ni ó bá erin fi ọwọ́ sí ìwé?

Ẹ̀gbẹ́ ènìyàn

Kò yẹ kí a sọ̀rọ̀ yìí bí ẹni pé erin nìkan ni ó jìyà. Àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń gbé ní òdìkejì odò Pungwe jẹ́ tálákà, ogun ti gba ilé àti ìbátan lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Lóru, erin yóò la odò kọjá, yóò sì jẹ àgbàdo wọn. Iṣẹ́ ọdún kan lè parẹ́ ní alẹ́ kan. Ẹni tí ebi yóò pa ọmọ rẹ̀, kí ni a fẹ́ fi ẹwà erin sọ fún un?

Ọ̀nà tí wọ́n gbà níbẹ̀ ni mo fẹ́ kí a fi sọ́kàn. Erin ń bẹ̀rù oyin. Àwọn onímọ̀ fi ilé oyin sí ojú ọ̀nà tí erin ń gbà gòkè odò, wọ́n so wọ́n pọ̀ mọ́ ara wọn, tí ó fi jẹ́ pé bí erin bá fi ara kan okùn náà, gbogbo ilé oyin yóò mì. Erin tí ń kọjá níbẹ̀ dínkù. Oko yè, erin yè, àgbẹ̀ sì rí oyin tà. Ìjọba Mòsáḿbíìkì àti Greg Carr, ará Amẹ́ríkà, bá ara wọn ṣe àdéhùn ní ọdún 2008 láti tún ọgbà náà ṣe fún 20 ọdún, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ ìlera àti ẹ̀kọ́ àwọn ará agbègbè kún un. Lónìí, erin ti ń pọ̀ sí i. Ààlà tí tọ̀tún-tòsì lóye ni ó ṣe ohun tí ìbọn kò lè ṣe.

Èwo ni tiwa níbẹ̀?

Ẹ̀yin olùfọkànsìn, èdè tí Gorongosa ń kọ́ lónìí, àwọn baba wa ti ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Èèwọ̀ ni à ń pè é. Ìtàn Ọya tí ó bọ́ awọ ẹfọ̀n sílẹ̀, tí ó di obìnrin, tí ó bá ọdẹ gbé, kì í ṣe ìtàn àlọ́ lásán. Ó ń kọ́ wa pé ènìyàn àti ẹranko lè jọ gbé inú ilé kan, bí a bá pa májẹ̀mú mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n fi awọ náà bú u ni ilé dàrú. Erinlẹ̀, ọdẹ tí ó di odò, gbé erin sínú orúkọ ara rẹ̀. Nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, a kì í dọdẹ, a kì í pẹja. Ààlà ni gbogbo rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ni a ń ṣe pẹ̀lú ogún yìí? Erin ṣì wà nílẹ̀ Yorùbá. Ó wà nínú igbó Omo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, erin inú igbó, tí ara rẹ̀ kéré sí ti Mòsáḿbíìkì. Agégẹdú ń wọlé tọ̀ ọ́, oko kòkó ń fún un mọ́ ẹ̀gbẹ́. Ó ń bá àgbẹ̀ pàdé, àgbẹ̀ ń bá a pàdé. Ogun kankan kò tíì dé bá Omo, síbẹ̀ ohun tí ogun ṣe ní Gorongosa ni àìbìkítà ń ṣe díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ kan wà tí yóò korò díẹ̀. Àwọn kan nínú wa ṣì ń wá ìrọ́kẹ́ Ifá tí a fi eyín erin gbẹ́, tuntun, nítorí iyì. Wọn yóò ní àṣà baba wa ni. Òótọ́ ni pé àwọn baba wa fi eyín erin gbẹ́ ìrọ́kẹ́. Wọ́n fi igi gbẹ́ ẹ pẹ̀lú, wọ́n sì fi idẹ rọ ọ́. Nígbà ayé wọn, erin pọ̀ nínú igbó, ọdẹ tí ó bá sì pa á mọ ètùtù tí òun yóò ṣe. Èyí tí à ń rà lónìí, ta ni ó ṣe ètùtù rẹ̀? Láti ọdún 1989 ni àwọn orílẹ̀-èdè ayé ti fòfin de títa eyín erin láti ilẹ̀ kan sí òmíràn. Bí ẹni tí kò mọ Ọ̀rúnmìlà bá lè sọ pé ó tó, ṣé àwa tí à ń pe ara wa ní ọmọ awo ni yóò máa bẹ́bẹ̀ fún un?

Ohun mẹ́ta ni mo bẹ ẹgbẹ́ yìí pé kí ó ṣe. Èkíní, ìrọ́kẹ́ eyín erin tí a jogún, kí a tọ́jú rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Tuntun, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má rà á, kí a fún àwọn agbẹ́gilére àti àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ wa ní iṣẹ́. Èkejì, kí a pe àwọn ọlọ́dẹ wa jókòó, kí wọ́n ka èèwọ̀ ọdẹ tí wọ́n mọ̀, kí a kọ wọ́n sílẹ̀ kí àwọn àgbà tó lọ. Ẹ̀kẹta, kí a rán ènìyàn sí àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n wà ní etí igbó Omo, kí wọ́n gbọ́ ẹdùn ọkàn wọn kí wọ́n tó sọ tiwọn.

Erin tí ó yè ogun ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ẹni tí a jẹ́. Ohun tí a bá ṣe láti òní lọ ni ìyá àgbà erin yóò fi kọ́ èyí tí kò tíì bí. Kí Olódùmarè má jẹ́ kí a di ẹni tí ẹranko fi ń dẹ́rù ba ọmọ rẹ̀. Kí igbó má pa wá, kí a má pa igbó. Kí ilẹ̀ gba ènìyàn, kí ó gba erin.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ. Àṣẹ.