Ilé Là Ń Wò: Ìrìn Kiri ní Erékùṣù Èkó



Àwọn baba wa ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí a fi rìn kiri Erékùṣù Èkó lónìí, nítorí àlejò a máa ti òkèèrè wá wo ohun tí àwa onílé ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ láìgbójú sókè.

Ìgá Ìdúngánrán, ààfin Ọba, ni ó tọ́ kí a kọ́kọ́ kí. Oko ata Arómirẹ́ ni ilẹ̀ náà kí ó tó di ààfin, orúkọ rẹ̀ kò sì jẹ́ kí a gbàgbé pé oko ni ó ṣíwájú ìtẹ́ níbẹ̀.

Láti ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí a yà sí mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí a ṣí ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1894. Mohammed Shitta, oníṣòwò tí a bí ní Sàró, ni ó náwó sí i. Súlútánì ilẹ̀ Tọ́kì ni ó sì fi oyè Bey dá a lọ́lá. Ṣùgbọ́n ta ni ó mọ ògiri rẹ̀? João Baptista da Costa ni, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Brazil wá. Oko ẹrú ni ó ya Sàró àti Àgùdà nípá. Iṣẹ́ ọwọ́ ni ó tún so wọ́n pọ̀.

Ní Màrínà, Kàtídírà Ìjọ Kristi ń dúró dè wá. A bẹ̀rẹ̀ ilé tí a ń wò yìí ní 1924, a sì parí rẹ̀ ní 1946. Níbẹ̀ ni egungun Àjàyí Crowther wà, ọmọ Òṣogùn tí a kó lẹ́rú ní 1821, tí ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Nígbà tí a tú ilẹ̀ ìsìnkú Ajẹ́lẹ̀ ká, a gbé egungun rẹ̀ wá síbẹ̀ ní 1976.

Egungun ṣeé gbé. Ilé kò ṣeé gbé. Ní Gbàgede Tinúbú, ní 1855, a kọ́ ilé kan ní àṣà àwọn Àgùdà, èyí tí a wá mọ̀ sí Ilojo Bar. Ní 1956 ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, a wó o lulẹ̀. Òfin wà nínú ìwé, ilé sì di àwókù.

Mo mọ ohun tí onílé yóò wí: òrùlé ń jò, ògiri ti sán, ilẹ̀ Èkó sì gbówó lórí. Òótọ́ ni. Nítorí náà kò yẹ kí a di ẹrù gbogbo ìlú lé orí ẹbí kan ṣoṣo. Kí ẹ̀yin olóyè máa pe olórí ẹbí jókòó kí oníbàárà ilẹ̀ tó dé. Kí àwa olùkọ́ máa kó ọmọ ilé-ìwé lọ wo ibi wọ̀nyí, kí wọ́n sì kọ ìtàn wọn sílẹ̀ láti ẹnu àgbà. Kí olówó wa dá owó àtúnṣe jọ.

Bí a bá jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ wó tán, ilé wo ni àwọn ọmọ wa yóò wò nígbà tí ó bá kàn wọ́n láti sọ ọmọ lórúkọ?